Ẹ̀fẹ̀ àti Ààlà Rẹ̀ láàrin Àwọn Ọdẹ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọdẹ ní ẹni tí ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ń wọ igbó, tí ń pa ẹran wá sí ilé. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n ní olùkọ́, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n ní aláwàdà kò pọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ yóò rí i láìpẹ́ pé ohun mẹ́ta ni ó so ọdẹ méjì tí wọ́n jọ ń wọ igbó pọ̀: ọ̀rẹ́, ẹ̀kọ́ àti ẹ̀fẹ̀. Oníwàásù sì ti sọ fún wa pé okùn tí a lọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta kì í tètè já. Nínú àròkọ yìí mo fẹ́ ṣe àlàyé bí àwọn ọdẹ ṣe ń fi ẹ̀fẹ̀ kọ́ ara wọn, àti ibi tí wọ́n pààlà sí fún ẹ̀fẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni kò lè ṣe aláìní ẹ̀rín nínú iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín tí kò ní ààlà ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́.

ÀWỌN ỌDẸ ÀTI ÌLÚ ABẸ́ÒKÚTA

Kò sí ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí ju Abẹ́òkúta lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti lé kúrò ní àwọn ìlú wọn àtijọ́, dé ìsàlẹ̀ àpáta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ sì jẹ́ aṣíwájú wọn. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni pé kí wọn ó tó dé, àwọn ọdẹ ti mọ ibẹ̀. Abẹ́ àpáta náà ni wọ́n ń sá sí bí òjò bá ká wọn mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn sí bí ilẹ̀ bá ṣú. Nígbà tí ìlú sì dúró tán, àwọn ọdẹ ní ipò tiwọn nínú ìjọba rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Ògbóni, àwọn Ológun, àti àwọn Pàràkòyí tí ọ̀ràn òwò wà lọ́wọ́ wọn. Bí ogun bá sì ń bọ̀, ẹni tí ó mọ ọ̀nà igbó ni a máa ń rán lọ ṣe amí. Títí di òní, a ń gbọ́ orúkọ bí Ọdẹ́yẹmí, Ọdẹ́tọ́lá àti Ọdẹ́wálé nínú àwọn ilé tí iṣẹ́ náà ti jẹ́ ti ìdílé.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí pẹ̀lú ràn wọ́n lọ́wọ́. Ààlà igbó àti ọ̀dàn ni Abẹ́òkúta wà. Bí a bá kọjú sí gúúsù, igbó ni a ó máa bá lọ. Bí a bá kọjú sí àríwá, ilẹ̀ a máa là, koríko gíga a sì gba ipò igi ńlá. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá lẹ́bàá ìlú, ẹran ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi ní ẹ̀bá rẹ̀ àti ní àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn bọ́ sí inú rẹ̀. Nítorí náà ó di dandan kí ọdẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ó mọ ìwà igbó, kí ó sì mọ ìwà ọ̀dàn. Ẹnikẹ́ni kì í dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ara rẹ̀.

BÍ ỌMỌDÉ ṢE Ń DI ỌDẸ

Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀. Àpò ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbé àpò ọ̀gá rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì ń kọ́ láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ti kúrò, kí ewé gbígbẹ má baà dún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ọ̀gá náà kò bá jẹ́ bàbá rẹ̀, Bàbá náà ni yóò máa pè é, tàbí Ẹ̀gbọ́n bí ọjọ́ orí wọn kò bá jìn sí ara wọn.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà ṣe lè rò lọ. Yóò mọ ipasẹ̀ ìgalà yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Yóò mọ ipasẹ̀ àná yàtọ̀ sí ti òwúrọ̀ yìí, nípa wíwo bóyá ìrì ti sẹ̀ sí i tàbí kòkòrò ti rìn kọjá lórí rẹ̀. Bí ó bá rí koríko tí a gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀bẹ ni a fi gé e, yóò mọ̀ pé ọ̀yà ni ó jẹun níbẹ̀. Yóò bu eérú tàbí erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú, yóò jẹ́ kí ó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Nítorí ẹran tí ó bá gbọ́ òórùn ènìyàn kì í dúró de ìbọn. Yóò mọ igi tí èso rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹtu kì í jìnnà sí ìdí irú igi bẹ́ẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, yóò kọ́ láti dákẹ́.

Kò sí pátákó, kò sì sí ẹfun. Ọ̀gá kì í sábà ṣe àlàyé gígùn. A máa ṣe é kí ọmọ ó rí i, lẹ́yìn náà a sì bi í léèrè. Òwe wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nínú igbó. Àgbà ni ó ní ìmọ̀. Ọmọ ni ó ní etí tí ó mú, ẹsẹ̀ tí ó yá, àti èjìká tí ó lè gbé ẹran tí ó wúwo. Ọ̀kan kò tó. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn a di ẹnìkejì, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá a sì di ọ̀rẹ́, bí ọ̀wọ̀ kò tilẹ̀ kúrò láàrin wọn.

A máa ń wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà tí ó jẹ nínú igbó, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ará ilé tí ń jẹ ẹran náà kò mọ ìyà yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, ẹni tí òjò kan náà pa, tí ẹ̀fọn kan náà sì jẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ọdẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

ORÍṢI Ẹ̀FẸ̀ TÍ WỌ́N Ń ṢE

Èkíní ni ẹ̀fẹ̀ ẹnu. Ìgbéraga ni ọ̀tá ọdẹ, ẹ̀fẹ̀ ẹnu sì ni oògùn rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé ẹran tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ ni ó máa ń tóbi jù lọ, àti pé bí a bá ti ń sọ ìtàn rẹ̀ sí i ni ìwo rẹ̀ ń gùn sí i. Ẹni tí ó bá ti yìnbọn tí kò bá nǹkan kan, kí ó múra sílẹ̀, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọn yóò fi rán an létí. Èdè wa pàápàá ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹtu ni ẹran; ẹ̀tù ni ohun tí a ń dà sí inú ìbọn; ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ọdẹ tí ó bá yin ìbọn mẹ́ta ní òru kan, tí ó sì ti igbó dé ní ọwọ́ òfo, lè gbọ́ lẹ́nu ẹnìkejì rẹ̀ pé òun yìn ín púpọ̀, nítorí pé ẹ̀tù ni ó lọ pa, kì í ṣe ẹtu. Ẹ̀tù tán, ẹtu kò kú! Gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ a bú sí ẹ̀rín, òun náà a sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mìíràn, yóò dúró kí ó rí ẹran dáadáa kí ó tó fa ìbọn.

Èkejì ni ẹ̀fẹ̀ ọwọ́, èyí tí a fi ìṣe ṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé òun ti mọ igbó tán. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó kàn wí fún un pé kí ó máa ṣíwájú lọ sí ilé. Ọmọ náà ń lọ, ọ̀gá ń tẹ̀ lé e, kò sì sọ ohunkóhun. Nígbà tí ó pẹ́, ọmọ náà dúró, ó wo ilẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Bàbá, ẹnì kan ti kọjá níhìn-ín lónìí." Ọ̀gá ní kí ó wo ẹsẹ̀ náà dáadáa, kí ó sọ bí ẹni náà ti ga tó, àti bóyá ẹrù wà ní orí rẹ̀. Ọmọ náà ṣe gbogbo àlàyé yìí láìṣe àṣìṣe. Nígbà náà ni àgbà wí fún un pé kí ó kúkú béèrè orúkọ ẹni náà lọ́wọ́ ara rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni ó ń kà. Wọ́n ti yí po, wọ́n sì ti padà sí ìdí igi tí wọ́n ti kúrò láti ìdájí. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ọmọ yìí kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: pé òun mọ ipasẹ̀ kà, pé òun kò tíì mọ ọ̀nà, àti pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun ní gbogbo àkókò tí òun fi ṣìnà.

Irú mìíràn ni ti ọmọ tí a ní kí ó ṣọ́ ẹran tí a ń yan lórí iná, tí ó sì sùn lọ. Ọ̀gá a rọra gbé ẹran náà pamọ́, a padà sí ibùsùn rẹ̀, a sì máa hanrun bí ẹni tí oorun ti gbé lọ. Nígbà tí ọmọ bá jí, tí kò rí nǹkan kan lórí iná, ẹ̀rù ibi tí yóò gbà tó láti lé oorun jìnnà sí ojú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó délẹ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ẹran náà jáde.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó wà nínú àpẹẹrẹ méjèèjì. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ kò jìnnà. Ó wà nítòsí tí ó lè gba ọmọ náà bí ewu bá dé. Ẹ̀fẹ̀ náà kò pẹ́; òun náà ni ó sì tú u ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí ó fi hàn jẹ́ òtítọ́ nípa ọmọ náà, òtítọ́ tí ọ̀rọ̀ líle lásán kì bá tí lè gbé wọ inú rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì ni ó rẹ́rìn-ín. Èdè wa mọ ìyàtọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ó fún wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Bí àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín tí ojú sì ti èkejì, yẹ̀yẹ́ ni. Bí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín tí èkejì kò sì mọ̀ rárá pé a ti mú òun, ẹ̀tàn ni.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀fẹ̀ tí ń jáde nínú ìjálá, orin àwọn ọdẹ, tí a máa ń sun nígbà tí wọ́n bá péjọ láti ṣe ẹ̀yẹ fún Ògún. Adébóyè Babalọlá, tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní ọdún 1966, ṣe àlàyé pé bí oníjàálá bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n lè dá a dúró ní gbangba, kí ó sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ẹni tí a dá dúró lè gbà, ó sì lè dá èsì padà, àwọn tí ń gbọ́ a sì máa gbádùn rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ wo irú ilé ẹ̀kọ́ tí èyí jẹ́! Níbẹ̀ a ń tún àṣìṣe ṣe ní ojú agbo, láìsí pé a fọ́ ẹgbẹ́.

OHUN TÍ A KÌ Í FI ṢE Ẹ̀FẸ̀

Bí ẹ̀fẹ̀ ti gbòòrò tó báyìí, ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Ohun mẹ́ta ni ó wà ní òdì kejì ààlà náà.

Ìbọn ni èkíní. Nínú ìbọn ṣakabùlà, ẹnu ìbọn ni a ń gbà kì í: a ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi nǹkan dí i, a ó da ọta lé e, a ó sì fi ọ̀pá gún un kí ó le. Bí a bá fa á, iná kékeré tí ó ta ní ìta ni yóò wọ inú lọ ran ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá gba ọ̀rinrin, tàbí bí ojú ihò bá dí, iná lè pẹ́ kí ó tó wọlé. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìbọn ti kọ̀. Yóò yí i padà láti wo ẹnu rẹ̀, ìbọn yóò sì dún ní àkókò náà. Nítorí èyí ni àgbà ọdẹ fi ń wí fún ọmọ pé ìbọn tí kò dún kì í ṣe ìbọn tí ó ṣófo. Ẹni tí ó bá na ìbọn sí ẹnìkejì rẹ̀ nítorí àtidẹ́rù bà á, ì báà ti yọ ẹ̀tù rẹ̀, kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá.

Èkejì ni àmì, òun sì ni ọkàn ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ń dẹ òru a máa so àtùpà mọ́ iwájú orí rẹ̀. Àtùpà elépo ni ti àtijọ́, ti kábáídì ni ó tẹ̀ lé e, tọ́ọ̀ṣì ni ó sì pọ̀ lóde òní. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá kan ojú ẹtu tàbí ìgalà, ojú náà a tàn padà bí ẹyin iná. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú ẹ̀yìn ẹyinjú ọ̀pọ̀ ẹran tí ń rìn lóru, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń dán bí jígí, tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ẹran náà lè ríran nínú òkùnkùn. Ojú ajá ní irú awọ yìí pẹ̀lú, ṣaworo tí a sì so mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn ni ó ń sọ fún ọdẹ pé ajá òun ni. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò ní i. Ọdẹ tí ó lóṣòó sí inú igbó lóru kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan ní ojú rẹ̀ tí yóò jẹ́rìí fún un pé ènìyàn ni òun. Bí ewé bá mì, bí ẹ̀ka bá kán, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran àfi ohun tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí: bí wọn yóò ṣe súfèé, bí wọn yóò ṣe dáhùn, igi tí ọ̀kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ìdí rẹ̀ títí èkejì yóò fi dé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá dún bí ẹran láti fi tan ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó kúrò ní ibi àdéhùn kí ó lè yọ sí i lẹ́yìn, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dáhùn ìfé kí èkejì lè bẹ̀rù, onítọ̀hún ti fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Bí ìbọn kò tilẹ̀ dún ní òru náà, ìbàjẹ́ ti wọlé. Lọ́jọ́ mìíràn, bí ìfé bá dún, ẹnìkejì rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ro ó bóyá òótọ́ ni. Ìrònú díẹ̀ yẹn sì lè jẹ́ ikú ẹnì kan. Ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe sí ìgbéraga ọmọ a máa tún ọmọ ṣe. Ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe sí àmì, àmì ni ó ń bàjẹ́, a kò sì ní òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ìwé Mímọ́ mọ ọ̀ràn yìí. Nínú Sámúẹ́lì Kìíní, orí 20, ọfà ni Jónátánì fi ṣe àmì fún Dáfídì, òun pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí ń sáré ṣa ọfà tí kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí Jónátánì bá ti jẹ́ ẹni tí ń fi àmì ṣeré rí, Dáfídì kì bá tí mọ̀ bóyá kí ó sá tàbí kí ó dúró. Ìwé Òwe, orí 26, ẹsẹ 18 àti 19, sì fi ẹni tí ó tan ẹnìkejì rẹ̀ jẹ, tí ó wá ń wí pé eré ni òun ń ṣe, wé aṣiwèrè tí ń ju iná àti ọfà kiri. Kò sí ọdẹ kan tí yóò ka ẹsẹ yìí tí yóò béèrè àlàyé.

Ẹ̀kẹta ni ìpín. A lè fi ẹran pamọ́ fún wákàtí kan kí a fi kọ́ ọmọ tí ó sùn, ṣùgbọ́n a kì í fi ìpín ẹnikẹ́ni ṣeré nígbà tí a bá ń pín ẹran. Ìpín ni ẹ̀rí pé a mọ iṣẹ́ tí olúkúlùkù ṣe. Ọmọ tí a bá rẹ́ jẹ níbi ìpín, bí a tilẹ̀ fi ẹ̀rín bò ó, kò ní gbàgbé.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ààlà láìsí olùṣọ́ kì í pẹ́ wó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi irin búra ní orúkọ Ògún pé ọ̀kan kò ní dalẹ̀ èkejì, tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọdẹ, lábẹ́ Olúọdẹ, sì fi ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ igbó bá dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Àwa tí a jẹ́ Kristẹni kì í bọ irin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń dáàbò bò kì í ṣe ohun kékeré: pé ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé gbára lé nínú òkùnkùn.

Ọ̀RẸ́ TÍ Ó RÉ KỌJÁ IGBÓ

Ẹnì kan lè rò pé ìtàn àtijọ́ ni gbogbo èyí, tàbí ti àwọn tí kò mọ ìwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. D. O. Fágúnwà, tí òun náà kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ní St. Andrew's College, Ọ̀yọ́, ni ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Kì í ṣe ọdẹ kan ṣoṣo ni ó rán lọ sí Òkè Lángbòdó. Ẹgbẹ́ ni, tí ẹ̀bùn olúkúlùkù wọn yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní ọdún 1968 ni Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1934 tí ó sì dàgbà ní Aké, túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣóyínká fúnra rẹ̀ fẹ́ràn àtimáa ṣe ọdẹ. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2006, You Must Set Forth at Dawn, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúfẹ́mi Johnson, alágbàtà adójútòfò ní Ìbàdàn, tí òun náà jẹ́ òṣèré orí ìtàgé, tí wọ́n sì jọ máa ń wọ igbó. Ní ọdún 1987, ọdún kan lẹ́yìn tí Ṣóyínká gba ẹ̀bùn Nobel, Johnson kú ní ilẹ̀ Jámánì. Ṣóyínká kò gbà kí ọ̀rẹ́ òun sùn sí ilẹ̀ àjèjì. Ó sapá gidigidi títí a fi gbé òkú náà wá sí Ìbàdàn.

Ẹni tí ó mọ àṣà àwọn ọdẹ kò ní ya ẹnu sí èyí. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ń sun ìrèmọ̀jé fún un. Àwọn náà ni ń ṣe ìṣípà rẹ̀, tí wọ́n ń kó ohun èlò ọdẹ rẹ̀ lọ sí inú igbó láti fi hàn pé ó ti ya kúrò lára ẹgbẹ́ àwọn tí ó wà láàyè. Ẹni tí ó jọ wọ igbó pẹ̀lú rẹ ni ó jẹ ọ́ ní gbèsè láti mú ọ dé ilé. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ni òwe wí. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ń bẹ tí ń ṣeré títí dé ẹnu ibojì, nítorí wọn kò fi ohun tí kò yẹ kún eré wọn.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA OLÙKỌ́NI

Kí ni èyí jẹ́ fún wa? Ní ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń gbé pọ̀, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe ẹ̀fẹ̀ sí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èmi kò sọ pé kí a pa á rẹ́. Ọmọ tuntun tí ó ń fọ́nnu nípa ipò tí ó gbà ní ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ lè ní ànfààní púpọ̀ nínú ẹ̀rín díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdẹ tí ó ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe é, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè àwọn àgbà ọdẹ. Ǹjẹ́ mo wà nítòsí láti gbà á bí ó bá di ewu? Ǹjẹ́ èmi fúnra mi ni yóò tú u kí oòrùn ó tó wọ̀? Ǹjẹ́ òun náà yóò lè rẹ́rìn-ín? Èyí tí ó tóbi jù lọ ni pé, ǹjẹ́ kì í ṣe àmì ni mo fẹ́ fi ṣeré?

Àmì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní igbó. Agogo jẹ́ àmì. Ẹni tí ó bá lù ú lóru láti fi dẹ́rù ba àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti mú kí wọn máa sùn lọ ní ọjọ́ tí iná bá jó ní tòótọ́. Ìhìn láti ilé jẹ́ àmì. Ẹni tí ó bá parọ́ fún ọmọ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá kò ṣe ẹ̀fẹ̀, ọgbẹ́ ni ó dá sí i lọ́kàn. Orúkọ olùkọ́ jẹ́ àmì. Ẹni tí ó bá fi rán ẹlòmíràn ní iṣẹ́ asán ń kọ́ ọ pé kí ó má tètè jẹ́ ìpè ní ìgbà mìíràn.

Nígbà tí a bá sì jáde lọ sí ilé ìwé tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an ni yóò di àmì fún àwọn ọmọ. Wọn yóò wà nínú òkùnkùn ohun tí wọn kò tíì mọ̀, ohùn wa nìkan ni wọn yóò sì máa tẹ̀ lé. Bí a bá ṣe ẹ̀fẹ̀ sí ọ̀lẹ wọn, tàbí sí ìfọ́nnu wọn, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fẹ́ràn wa sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá wí fún ọmọ pé ó ṣe é dáadáa nígbà tí a ń fi ojú ṣẹ́ sí ẹlòmíràn, tàbí tí a ṣe ìlérí tí a kò ní lọ́kàn láti mú ṣẹ, ọmọ náà yóò mọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí a bá pè é, yóò kọ́kọ́ dúró kí ó ro ó bóyá òótọ́ ni.